Ìdí tí File History fi ń fo fáìlì tó wà nínú OneDrive, àti bí mo ṣe to tèmi

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ. Ẹ ní File History, ètò Windows tó ń kó ẹ̀dà fáìlì yín sórí háàdì, ń sọ fún yín pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó fáìlì lọ sórí háàdì ìta, àmọ́ nígbà tẹ́ ẹ ṣí háàdì náà, Documents ò ní nǹkan tuntun kankan nínú látìgbà tẹ́ ẹ ti tan OneDrive, ibi ìpamọ́ fáìlì ti Microsoft lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ń bèèrè bóyá háàdì ló fẹ́ kú. Kò dà bíi pé háàdì ló ń ṣe yín. File History àti OneDrive ni wọn ò gbọ́ra wọn yé, mo sì mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa torí iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe níbí ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba fọ́tò ọdún Ọ̀ṣun lọ́wọ́ mi.

Tẹ́ ẹ bá gbà fún OneDrive pé kó máa tọ́jú Desktop, Documents àti Pictures, kì í ṣe pé ó kàn ń da wọ́n kọ o, ńṣe ló ń gbé fódà yẹn kúrò níbi tó wà. Documents tó wà ní C:\Users\orúkọ yín\Documents tẹ́lẹ̀ á di C:\Users\orúkọ yín\OneDrive\Documents. Lójú tiyín kò sóhun tó yí padà, ẹ ṣì ń tẹ Documents, fáìlì yín ṣì ń jáde, àmọ́ ilé rẹ̀ ti yàtọ̀. Torí náà kẹ́ ẹ tó sọ pé háàdì ò kó nǹkan kan, ẹ ṣí fódà FileHistory tó wà lórí háàdì yẹn, ẹ wọ inú orúkọ yín, ẹ wọ orúkọ kọ̀ǹpútà, ẹ wọ Data, ẹ wọ C, ẹ wọ Users, kẹ́ ẹ wá wo ọ̀nà méjèèjì, ti àtijọ́ àti èyí tó ní OneDrive láàárín. Mo ti rí ẹni tó ń wá fáìlì ní ilé àtijọ́ nígbà tó jẹ́ pé ilé tuntun ló wà látọjọ́ yìí.

Tí kò bá sí ní ibi méjèèjì, a jẹ́ pé Files On-Demand ni, òun sì ni babańlá ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 2017 ló wọ Windows 10. Fáìlì lè wà níwájú yín pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀, kó má sì sí nínú láptọ́ọ̀pù rárá, orí cloud ló wà, ìyẹn lókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ Microsoft, ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ̀ kalẹ̀. Ìkòkò tó ní ìdérí ni, ọbẹ̀ ò sí nínú ẹ̀. File History ní tiẹ̀, ohun tó bá wà nílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù gan-an ló ń kó, Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ pé nínú fáìlì OneDrive, àfi èyí tẹ́ ẹ lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó bá wà lókè nìkan, á fò ó, á sì máa bá tiẹ̀ lọ, á ní òun parí iṣẹ́. Òótọ́ ló sọ, ó parí iṣẹ́ tó rí.

Bó ṣe kàn mí rèé. Tó bá di oṣù Kẹjọ, tí Arugbá bá ń gbé igbá lọ sódò, àwa tá à ń ya fọ́tò kì í jókòó. Láptọ́ọ̀pù wà lọ́dọ̀ mi níta, háàdì bákáàpù wà ní ṣọ́ọ̀bù l'Alékúwódò. Mò ń da fọ́tò RAW, èyí tó tóbi bó ṣe jáde látinú kámẹ́rà, sínú Pictures, OneDrive ń gbé e lọ sókè bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe rí, ààyè wá ń tán lórí láptọ́ọ̀pù, Storage Sense, ètò Windows tó máa ń wá ààyè, bá wo àwọn fáìlì tí mi ò ṣí mọ́, ó kó ẹ̀dà wọn kúrò nílẹ̀, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún cloud, iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún nìyẹn. Ìgbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù tí mo ki háàdì bọ̀ ọ́, File History sáré kó èyí tó bá nílẹ̀, ó ní òun ti ṣe tán. Ẹ wò ó báyìí: èyí tí File History ti kó tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sí cloud, ó ṣì wà lórí háàdì, kò ní pa á rẹ́. Èyí tó ti lọ sókè kí háàdì tó rí i lójú ni kò sí. Ìdí nìyẹn tí fódà kan fi máa ń pé ìdajì, tẹ́ ẹ ó máa rò pé háàdì ń sínwín.

Ohun tó jẹ́ kí n mọ̀ ni oníbàárà kan tó wá gba fọ́tò, iná lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé, mo ní kò burú, ẹ jẹ́ n yọ ọ́ lórí háàdì, mo ṣí i, kò sí. Ara mi tutù. Ó dára ṣáà pé wọ́n wà lókè, mo fi dátà alẹ́ fà wọ́n wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ oorun lójú mi.

Àǹtí kan tó ní bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lọ́nà Òkè-Fìà ò rí tiẹ̀ bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ tó ń bá a ṣiṣẹ́ fẹ́ wá ààyè, ó rí fódà project àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ó pa á rẹ́, ó rò pé ẹ̀dà wà lórí cloud. Sync, ìyẹn bí OneDrive ṣe ń mú kí ti láptọ́ọ̀pù àti ti cloud bára mu, kì í ronú báyẹn. Ẹ bá ti pa á níbí, ó ti pa á lókè nìyẹn, àti lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ní àkáǹtì yẹn. Tó bá sì jẹ́ fáìlì tó wà lókè nìkan, kò tiẹ̀ ní wọ Recycle Bin orí láptọ́ọ̀pù, ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ máa lọ wò, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló sì ń lò níbẹ̀ fún àkáǹtì tara ẹni. Ìgbà tí wọ́n fi mọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá, háàdì ìta ò sì ní i torí cloud nìkan ni fáìlì náà wà látọjọ́ yìí. Ó dùn mí títí dòní torí èmi ni wọ́n gbé e wá bá, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe sí i.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe rèé. Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì yín nínú File Explorer. Àwọsánmà aláwọ̀ búlúù, kò sí nílẹ̀. Roboto funfun tó ní máàkì gíríìnì, ó wà nílẹ̀ àmọ́ Windows lè kó o kúrò nígbàkúgbà. Roboto tó kún fún gíríìnì tí máàkì inú rẹ̀ funfun, ìyẹn nìkan lọkàn lè balẹ̀ lé. Ẹ tẹ fódà náà ní ọ̀tún, kẹ́ ẹ mú "Always keep on this device", àmọ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá láptọ́ọ̀pù ní ààyè tó gbà á, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó di alẹ́ tí dátà ò wọ́n. Kó wá sọ̀ tán kẹ́ ẹ tó tẹ "Run now" nínú File History.

Èmi ò wá fi iṣẹ́ mi sínú OneDrive mọ́. Mo dá fódà kan sílẹ̀ lórí C, òde ibi tí sync ń ṣọ́, mo tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tún, mo mú "Include in library" (lórí Windows 11 ẹ kọ́kọ́ mú "Show more options"), File History sì ń kó o torí library, ìyẹn àkójọ fódà nínú Windows, wà lára ohun tó ń kó. Ohun tí mo bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà nìkan ni mò ń da ẹ̀dà rẹ̀ sí OneDrive. Ó dáa fún fífi nǹkan ránṣẹ́, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ bákáàpù kọ́.

Ẹni tó bá ń lo Google Drive náà kó má rò pé òun ti bọ́. Tó bá wà ní "Stream", tí fáìlì ń wà lókè, dírááfù G tẹ́ ẹ ń rí yẹn kì í ṣe dírááfù gidi, FAT32 ló ń pe ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú dírááfù tí wọ́n tò ní NTFS nìkan ni File History ti ń kó fáìlì (FAT32 àti NTFS, oríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to dírááfù ni). Ẹ yí i sí "Mirror", tó ń fi ẹ̀dà fáìlì sórí láptọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ sì fi fódà ẹ̀ sínú library bí mo ṣe ṣe tèmi.

Ohun méjì tó kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá fáìlì padà láti orí háàdì, ẹ má ṣe dá a padà sínú OneDrive tààrà, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lókè fèrèsé "Restore personal files" kẹ́ ẹ mú "Restore to", kẹ́ ẹ gbé e sí fódà òfìfo níbòmíì, torí tẹ́ ẹ bá gbé ti àtijọ́ lé tuntun lórí, sync á gbé e kiri gbogbo kọ̀ǹpútà kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Èkejì, tẹ́ ẹ bá pa ìtọ́jú Documents yẹn nínú OneDrive, Documents yín lè ṣófo lójijì. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì pa nǹkan kan rẹ́, inú OneDrive\Documents ni gbogbo ẹ̀ ṣì wà, ẹ fọwọ́ ara yín gbé e padà, kó sì ti sọ̀ kalẹ̀ tán kẹ́ ẹ tó gbé e.

Tẹ́ ẹ bá ti wò ó, ẹ sọ àmì tẹ́ ẹ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì náà fún mi, àti bóyá Windows 10 ni àbí 11, ká mọ èyí tá a máa fọwọ́ kàn tẹ̀lé e.