Bí owó báàgì mi ṣe há sí Guangzhou

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè pé, nígbà tí Ṣáínà ti lówó tó báyìí, kí ló dé tí ọjà wọn kàn ń wọ́n sí i, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀ ní Guangzhou. Báàgì obìnrin ni mò ń kó wá sí Balógun.

Ní ìparí 2010, mo san àsansílẹ̀ fún fakitírì kan ní Shiling, lápá Huadu, níbi tó jẹ́ pé báàgì ni gbogbo àdúgbò ń rán. Àdéhùn wa ni pé ọjà á wọkọ̀ ní ìparí oṣù kejì, kó lè bá ọdún Àjíǹde. Ọdún tuntun tiwọn bọ́ sí ọjọ́ 3 oṣù kejì 2011, gbogbo òṣìṣẹ́ sì gba abúlé lọ. Nígbà tí mo débẹ̀ ní oṣù kẹta, ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lé ní ogójì, àwọn tó jókòó sídìí ẹ̀ ò pé ogún. Aṣọ ṣì bo ìyókù. Ọ̀gá wọn ní kí n fowó lé e lórí báàgì kọ̀ọ̀kan, torí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù ní Guangzhou láti yuan 1,100 sí 1,300. Mo ní olè ni. Mo sanwó náà ṣá. Ọdún Àjíǹde ti lọ tán kí ọjà tó dé Àpápá. Ẹ̀dínwó tí mo fi tà á, ẹ má bi mí.

Obìnrin kan tó ń lẹ ọwọ́ báàgì ló là mí lójú, ògbufọ̀ mi ló ń túmọ̀. Sichuan ló ti wá, ìpínlẹ̀ kan tó jìnnà sí Guangzhou. Ó fi fọ́tò ọmọ rẹ̀ hàn mí lórí fóònù: ọmọ ọdún mẹ́fà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ló wà. Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Guangzhou, àmọ́ ìwé tí wọ́n ń pè ní hukou so ó mọ́ abúlé, ọmọ rẹ̀ ò sì lè wọ ilé ìwé ìjọba nílùú náà wẹ́rẹ́. Ní 2013, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Ṣáínà sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀, tí òbí fi sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́, tó mílíọ̀nù 61 ní ìgbèríko. Nígbà tí fakitírì wá ń ṣí ní Chengdu, ní Sichuan níbẹ̀, ta ni ò ní dúró ti ọmọ rẹ̀? Ẹ fi òfin ọmọ kan ṣoṣo kún un, tó wà láti 1980 títí di 2015: àwọn tí ì bá rọ́pò wọn, wọn ò bí wọn. Láti 2022 ni iye èèyàn wọn ti ń dín kù. Bí òṣìṣẹ́ bá ti wọ́n, owó iṣẹ́ á gbéra, ọjà náà á sì wọ́n.

Tilé wa ńkọ́? Láti December 2001 tí Ṣáínà ti wọ WTO, àjọ ìṣòwò àgbáyé, kò sóhun tí wọn kì í tẹ̀ jáde ní ọ̀pọ̀. Ìyá mi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Ayédèrú tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà wà ní ìsọ̀ kejì sí tirẹ̀: kò ní òórùn aró, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣá ju ojú lọ, ó sì pọ́ọ́kú. Tó bá ti dórí ọ̀rọ̀ yìí, màmá máa ń wò mí sùn-ùn, torí owó báàgì Ṣáínà ni mo fi kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ san àsansílẹ̀, ẹ má ṣe é nígbà tí ọdún tuntun wọn bá ku oṣù méjì. Tí ọdún bá lọ, ẹ ní kí wọ́n ya fídíò ibi tí wọ́n ti ń rán báàgì ránṣẹ́ sí yín, kẹ́ ẹ ka iye ẹ̀rọ tí aṣọ ṣì bò.