Ṣé kí n sọ láíbúrárì mi di méjì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ láíbúrárì kékeré kan (àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn lè lò) tí ó ń ka iye lẹ́tà inú ọ̀rọ̀ Yorùbá, àwọn olùkọ́ mélòó kan sì ń lò ó. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Python 3.12 sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, láíbúrárì náà sì kọ̀, ó ní òun kò rí distutils (irinṣẹ́ kan tí ó máa ń bá Python wá tẹ́lẹ̀). Àwọn yòókù ṣì wà lórí 3.9 àti 3.10. Ṣé kí n ya kóòdù náà sí méjì ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe yà á. Ẹni tí ó bá ní kóòdù méjì fún iṣẹ́ kan ṣoṣo yóò máa ṣàtúnṣe àṣìṣe kan náà lẹ́ẹ̀mejì, títí di ọjọ́ tí yóò gbàgbé ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ distutils kò le. Bí ó bá jẹ́ distutils.version ni ẹ fi ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà wé ara wọn, packaging.version (láti inú láíbúrárì tí ń jẹ́ packaging) ń ṣe iṣẹ́ yẹn lórí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ìgbà tí 3.10 ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni Python ti ń kìlọ̀ pé distutils ń lọ, kí 3.12 tó yọ ọ́ kúrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ṣùgbọ́n Python kì í sábà fi irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ han ẹni tí ó kàn ń lo láíbúrárì; ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó yẹ kí ó wá a. Ẹ máa fi àṣẹ Python náà -W error ṣe àyẹ̀wò yín, kí ìkìlọ̀ lè di àṣìṣe lójú yín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ kankan.

Èyí tí ó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìyípadà tí kì í pariwo. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà “ẹja”. Bí a bá fi len, àṣẹ Python tí ń ka gígùn ọ̀rọ̀, kà á bí ó ṣe wà nínú fáìlì UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà fi báìtì tọ́jú lẹ́tà), Python 2 àtijọ́ yóò sọ pé 5 ni, nítorí pé báìtì ni ó ń kà, lẹ́tà “ẹ” nìkan sì gba báìtì 3. Python 3 yóò sọ pé 3. Kò sí àṣìṣe tí yóò hàn, ìdáhùn nìkan ni ó yí padà. Nítorí náà, kí àyẹ̀wò yín máa béèrè iye tí ó tọ́, kí ó má kàn wo bóyá kóòdù ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa ṣe é lórí gbogbo ẹ̀dà tí ẹ sọ pé ẹ gbà. (Bí “ẹ́” bá di 2 lórí Python 3, ẹ má dá ẹ̀dà lẹ́bi: àmì ohùn náà ni a kà mọ́ ọn.)

Ní ti 3.9, ọdún márùn-ún ni àwọn tí ó ṣe Python fi ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ sì pé ní oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ sọ fún àwọn tí ó ń lò ó ṣáájú, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ requires-python = ">=3.10" sínú pyproject.toml, fáìlì tí ó ń ṣàlàyé láíbúrárì yín. Pip, tí ó ń gbé láíbúrárì sórí kọ̀ǹpútà, yóò ka ìlà yẹn, yóò sì fún ẹni tí ó wà lórí 3.9 ní láíbúrárì yín ti tẹ́lẹ̀ tí ó bá tirẹ̀ mu, dípò èyí tí yóò kọ̀ fún un.