Kí ni "Labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ" ń wí gan-an?

Ìwọ tó béèrè, o ṣeun. Ẹni tó sáré dá ọ lóhùn pé "kí ọ̀lẹ má bá alágbára dù ú" ló bí mi nínú. Níbo ni agbára wà nínú òwe yẹn? Ìṣe ni àgbà wí.

Lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan wà tí ìyá mi àgbà ti máa ń yan ẹja lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo rí kòkòrò ajẹwé lára ewé, mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Ìyá ní, "Fi í sílẹ̀! Ọmọ labalábá dúdú tí ẹ̀ ń lé kiri nìyẹn. Ewé yìí ni oúnjẹ rẹ̀." Nígbà tí wọ́n gé igi náà láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹyẹ kó lọ sórí máńgòrò aládùúgbò lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Labalábá ò yọjú mọ́. Ìṣe ẹyẹ nìyẹn: ibí ò gbà á, ó kó lọ. Labalábá, ewé ló so ó mọ́lẹ̀.

Tàbí ti Ẹ̀pẹ́ nìkan ni? Labalábá kan wà lórí àwọn òkè Yúróòpù, Apollo, tí Linnaeus, onímọ̀ ẹ̀dá ará Sweden, sọ lórúkọ lọ́dún 1758: ìyẹ́ funfun, àmì dúdú, àmì pupa bí ojú lára ìyẹ́ ẹ̀yìn. Lórí òkè Alps, ó ń fò níbi tó ga tó mítà 2,000. Ta ló máa pe ìyẹn lọ́lẹ? Síbẹ̀, ewé orí àpáta kan, ìbátan àbámodá tiwa, ni ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Igbó bo àpáta, ewé tán, òun náà tán. Ti òkè kan kì í sábà dé òkè kejì, débi pé àmì ara wọn ń yàtọ̀ láti òkè sí òkè. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó kọ́ ìtẹ́ sábẹ́ òkè kan náà ńkọ́? Ọdọọdún ló ń ré Sàhárà kọjá wá sílẹ̀ Áfíríkà. Ẹ má wulẹ̀ mú labalábá tó ń ré Sàhárà wá bá mi jà. Mo mọ̀ ọ́n. Òun náà, ewé ọmọ rẹ̀ ló ń wá kiri.

Ti òwe labalábá kejì, "labalábá tó dìgbò lẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya", ìyẹn ò lẹ́jọ́ nínú. Ìkìlọ̀ fún aláfojúdi ni.

Ẹ ti fi simẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, ẹ wá ń wá ìtumọ̀ òwe labalábá nínú fóònù. Èmi gbin ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú ike ọ̀dà lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́dún tó kọjá. Kòkòrò ajẹwé dé lóòótọ́. Kí n tó jí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aládùúgbò mi ti fín oògùn sí i, ó tún ń retí kí n dúpẹ́.