Bí odì ṣe ń kúrò lára

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ. O ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni o fi gbìyànjú pé o ò ní yan ìyàwó rẹ lódì mọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan wá ṣẹlẹ̀, o sì tún dákẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. O ń béèrè bóyá bí Ọlọ́run ṣe dá ọ nìyẹn.

Rárá o. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án rí nítorí ọ̀rọ̀ tí mi ò rántí mọ́. Mi ò kí ń pariwo, mi ò kí ń bú èèyàn, nítorí náà onísùúrù ni mo ń pe ara mi. Ìyàwó mi ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ó tẹ́ òun lọ́rùn kí n jágbe mọ́ òun ju kí n máa kọjá lára òun bí ẹni pé òun ò sí nínú ilé. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo búra lálẹ́ ọjọ́ náà pé ó parí. Kò tó oṣù kan tí mo tún fi dákẹ́.

Ohun tí kò yé mi ni pé ara mi ti mọ odì yíyàn ju orí mi lọ. Tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn mí, ọ̀fun mi á fún pọ̀, ẹnu mi á pa dé, kí n tó mọ̀ pé inú ń bí mi rárá. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọ, nínú ilé tó jẹ́ pé ọmọ tó bá fèsì ló ń jìyà. Ìdákẹ́jẹ́ ló ń yọ mí nígbà náà.

Ní 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London gbé ìwádìí kan jáde lórí èèyàn 96 tí wọ́n ń sọ ohun kékeré kan di bárakú, bíi kí wọ́n máa mu omi tàbí kí wọ́n máa rìn lójoojúmọ́. Àárín iye ọjọ́ tí wọ́n ṣírò jẹ́ 66. Ti ẹnì kan kò ju 18 lọ, ti òmíràn tó 254. Ẹni tó fo ọjọ́ kan kò tìtorí ẹ̀ padà síbẹ̀rẹ̀. Omi mímu nìyẹn o! Ìwọ wá ń retí kí ìbínú tó ti dàgbà sí ọ lára lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló gbà mí: "Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mi ò tíì lè sọ ọ́, àmọ́ mi ò yan ọ́ lódì. Màá wá bá ọ lálẹ́." Nígbà tí inú mi dùn ni mo kọ́ ọ, mo ń sọ ọ́ sókè nígbà tí mo bá dá wà, nítorí kò sẹ́ni tó lè kọ́ nǹkan tuntun nígbà tí ọ̀fun rẹ̀ ti fún pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ohùn mi ń gbọ̀n. Ó kàn wò mí ni, kò sọ nǹkan kan.

Mo sì ń kọ iye àkókò tí mo fi dákẹ́ sínú ìwé kékeré kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án di márùn-ún, ó di mẹ́ta, ó tún fò lọ sí méje nígbà tí mi ò rí oorun sùn dáadáa, lẹ́yìn náà ó di òru kan. Ó lé lọ́dún kan. Ìbínú ṣì ń wá títí dòní, àmọ́ mo ń tètè mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ kẹta ni mo máa ń mọ̀ pé mo ń yan odì. Ní báyìí, bí ọ̀fun bá ti ń fún ni mo ti mọ̀.

O ní ọ̀sẹ̀ kan ni o máa ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù fún ọ ni ìtìjú, nítorí òun ló ń mú kí tèmi pẹ́: ojú á tì mí pé mo dákẹ́, ìtìjú náà ò sì ní jẹ́ kí n lè la ẹnu. Sọ fún ìyàwó rẹ lálẹ́ òní pé o rí ohun tí o ṣe. Tí kò bá dáhùn, má fipá mú un, òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí yóò ṣe gbà ọ́ gbọ́ ni. Oṣù mẹ́jọ ló gba ìyàwó mi kó tó sọ fún mi pé òun ò ka ọjọ́ mọ́ tí mo bá dákẹ́.