Ọmọ Tí Kò Tíì Lè Dárí Jini Kò Jẹ̀bi

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́. Ìjẹ̀bú-Òde ni mò ń gbé. Nígbà tó ku ọ̀la Ojúde Ọba, ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 10, ń sáré kiri ilé, ó sì da ọbẹ̀ epo sí aṣọ tí mo rán fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 7, láti bá aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ mi, ìyẹn ẹgbẹ́ àwa ojúgbà, mu. Mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní “má bínú”, ó tún sáré jáde. Àbúrò ní òun ò gbà. Mo sọ ọ́ títí, mo bá nà án. Títí di òní, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣeré. Àláájà, ìyá ọkọ mi, ní ọkàn ọmọ náà ti le jù. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Arábìnrin mi, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ọkàn ọmọbìnrin yín kò le rárá. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Bó bá ti kọjá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ yìí ti ń wo aṣọ náà lórí ìkọ́, ó ti mọ irú gèlè tí ẹ máa wé, ó ti ń rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láàárín ẹgbẹ́. Ilẹ̀ mọ́, aṣọ mìíràn ló wọ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ibi tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yín ni pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni ẹ nà. Ohun tí àwọn méjèèjì rí kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tó bá yára kúnlẹ̀ ti bọ́, ẹni tí inú ń bí ló máa jẹ pàṣán. Ẹ pè é sí yàrá, kí ẹ sọ fún un pé, “Kò yẹ kí n nà ọ́. Má bínú.” Ẹ má fi “ṣùgbọ́n” kankan kún un. Àwọn kan á ní òbí kì í bẹ ọmọ. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Níbo ni ọmọ ti máa rí ẹ̀bẹ̀ kọ́, bí kò bá gbọ́ ọ rí lẹ́nu ẹni tó jù ú lọ?

Ẹ wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n. Kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe: “Mò ń sáré kiri ilé. Mo da ọbẹ̀ sí aṣọ rẹ. O ò rí i wọ̀ lọ Ojúde Ọba.” Ẹ má bá a sọ ọ́, bó bá pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ dúró. Àwọn ẹbí á ti fún un lówó Iléyá. Kó mú lára rẹ̀, kó bá yín dé ọ̀dọ̀ télọ̀, bóyá wọ́n á lè pààrọ̀ ibi tí epo bà jẹ́. Owó náà lè má tó nǹkan kan. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi tiyín kún un.

Ní ti Àláájà, ẹ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Ìrẹ́pọ̀ ilé ni wọ́n ń wá. Ẹ rán wọn létí ohun tí àwọn àáfà ń kọ́ wa nípa túúbá: kí èèyàn kábàámọ̀, kó jáwọ́, kó pinnu pé òun ò ní padà síbẹ̀, bó bá sì jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì ló fọwọ́ bà, kó dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà, ẹ má bi ọmọbìnrin yín bóyá ó ti dárí jì í. Kó má bú u, kó má gbẹ̀san; ìyẹn nìkan ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá se ìkọ́kọrẹ́ lọ́la, tó sì ní òun ò bá ẹ̀gbọ́n òun jẹun nínú abọ́ kan náà, ẹ bu tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún un.