Ṣé kí á ta ilẹ̀ Ìlọrin nítorí tẹ́níìsì ọmọ?

Ìbéèrè

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin òbí tí ẹ wà lókè òkun. Leeds ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ọmọ Ìlọrin sì ni àwa méjèèjì. Àkọ́bí wa ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 12. Láti ọmọ ọdún 6 ló ti ń gbá tẹ́níìsì, ó sì ti wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tó ń ṣojú agbègbè wa. Lóṣù tó kọjá, kóòṣì rẹ̀ pè wá, ó ní ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì kan ní Spéìn fẹ́ gbà á. Ibẹ̀ ni yóò máa gbé, orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti máa kàwé, wákàtí 5 ni yóò sì máa lò lórí kọ́ọ̀tù lójúmọ́. Owó ọdún kan níbẹ̀ ju gbogbo owó tí èmi ń gbà lọ́dún lọ. Bàbá ọkọ mi gbọ́ nílé, wọ́n ní kí á má dààmú, pulọ́ọ̀tì méjì wà lọ́nà Ajàṣẹ́-Ìpo tí àwọn ti fi sílẹ̀ fún ọmọ náà, kí á tà á. Ọkọ mi ti fẹ́ gbà. Oorun ò kun ojú mi mọ́. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti rin ọ̀nà yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí á ṣe?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Houston ni mo ń gbé. Èmi náà bí ọmọkùnrin kan tó fẹ́ fi tẹ́níìsì jẹun, àwa sì ta ilẹ̀. Mi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ má tà á.

Ilẹ̀ tiwa wà ní Ọ̀fà, kò jìnnà sí ojú irin. Bàbá mi ló fún mi. Igi kajú mẹ́rin ló wà lórí rẹ̀. Ọmọ mi dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 8. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ ká kajú lọ́jọ́ náà, omi rẹ̀ ta sí ẹ̀wù funfun tó wọ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ títí ẹ̀wù náà fi gbó. Ẹ mọ bí omi kajú ṣe ń ṣe. Nígbà tó pé ọdún 14, mo ta ilẹ̀ náà, mo kó owó rẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì kan tó ṣèlérí pé láàárín ọdún mẹ́ta, gbogbo ayé yóò mọ̀ ọ́n. Kó tó pé 16, owó ti tán. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sán. Dókítà ní eré àgbájù ló fà á. Oṣù mẹ́fà gbáko ni kò fi fọwọ́ kan rákẹ́ẹ̀tì, ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì pè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí wọ́n bi wá pé ara ọmọ ńkọ́.

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Nígbà tó pé 19, ó wọ ìdíje kékeré kan ní Texas níhìn-ín. Wọ́n ti dé sẹ́ẹ̀tì kẹta, ẹnì kejì ti ní 5, òun ní 4, òun ló sì kàn láti sáàfù. Mo jókòó lẹ́yìn wáyà. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, mo ń kà á lọ́kàn. Mo kà á dé mọ́kànlá, kò jù ú sókè. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. Títí di òní mi ò tíì gbàgbé ojú yẹn. Sáàfù kìíní wọ nẹ́ẹ̀tì. Èkejì náà wọ nẹ́ẹ̀tì. Inú ọkọ̀ la wà lálẹ́ ọjọ́ náà nígbà tó là á fún mi: “Mọ́mì, bí eré bá ti le báyìí, àwọn igi kajú yẹn ni mo máa ń rí.”

Àbúrò mi, ọmọ ọdún 12 ń gbọ́ gbogbo ohun tí àgbà ń sọ nínú ilé, àní bó bá tilẹ̀ di etí mọ́ fóònù. Bí ẹ bá ta ilẹ̀ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ fún un, òun ni yóò máa rù ú wọ kọ́ọ̀tù.

Ọ̀rọ̀ owó náà, kóòṣì kì í sábà sọ ọ́ tán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìdíje tó kéré jù lọ fún ọkùnrin tó ń fi tẹ́níìsì ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní M15. Gbogbo owó ẹ̀bùn tí wọ́n ń pín níbẹ̀ jẹ́ dọ́là 15,000. Ẹni tó bá fi odindi ọ̀sẹ̀ kan lu gbogbo èèyàn tó sì gba ife, díẹ̀ lé ní 2,000 ni yóò mú lọ sílé. Ẹni tó bá fìdí rẹmi ní ìpele àkọ́kọ́, owó tirẹ̀ kò tó 200, inú rẹ̀ náà ni kó ti yọ owó ọkọ̀, owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó oúnjẹ. Àjọ tẹ́níìsì àgbáyé, ITF, ṣírò rẹ̀ fún ọdún 2013: àwọn tó gbá a bí iṣẹ́ lọ́dún yẹn tó nǹkan bíi 14,000. Àwọn tí owó tó wọlé fún wọn tó èyí tí wọ́n ná nínú wọn kò pé 600, ọkùnrin àti obìnrin lápapọ̀, wọn kò sì tíì ka owó kóòṣì mọ́ ọn. Ilẹ̀ ti lọ kí n tó mọ̀ nípa ìṣirò yẹn.

Owó wà lókè lóòótọ́. Ní Wimbledon, ìdíje ńlá ti Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 2025, ẹni tó pàdánù ní ìpele àkọ́kọ́ gba pọ́n-ùn 66,000. Àyè 128 ló wà níbẹ̀, 104 ló sì jẹ́ ti àwọn tí ipò wọn lágbàáyé gbé wọlé tààrà. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń dárúkọ ipò 100 bí ẹni ń dárúkọ ìlú tó fẹ́ dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Láti ọdún 2024, àjọ ATP, tó ń darí tẹ́níìsì àwọn ọkùnrin tó ń fi í ṣiṣẹ́, tún ti ṣètò pé owó ọdún àwọn ọkùnrin 250 àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ dín ní iye kan: ní ọdún 2024 náà, dọ́là 300,000 ni fún 100 àkọ́kọ́, 150,000 fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn títí dé 175, 75,000 fún àwọn yòókù. Ẹni tó bá wà ní 251, kò kàn án. Ọmọ tèmi dé nǹkan bíi 900, ẹ má sì rò pé 900 rọrùn. Àmì ìdíje tí wọ́n fi ń to ipò, èyí tó bá kó lónìí, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 52 yóò bọ́ lára rẹ̀, kó tún lọ wá òmíràn.

Okùn rákẹ́ẹ̀tì nìkan tó nǹkan ìpayà. Ó ń já a bí ẹni ń já ewé. Nígbà tí mo rí i pé mi ò lè san owó rẹ̀ mọ́, mo ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń so ó ní àlòkù, mo gbé e sínú gáréèjì, mo sì kọ́ ọ. Okùn 16 lóròó, 19 níbùú, eléyìí á gba abẹ́ tọ̀hún, á gba orí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìka mi bó títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyá mi máa ń hun kíjìpá nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá sì ti dúró ti ẹ̀rọ yẹn lóru, òun ni mo máa ń rántí. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìnáwó yẹn, torí ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Ẹ ó ní àwọn kan ṣe é tó bọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà. Whitney Osuigwe, ọmọ tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, inú ilé ẹ̀kọ́ tẹ́níìsì ńlá kan ní Florida ni bàbá rẹ̀ ti ń ṣe kóòṣì. Ní ọdún 2017, ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gba ife àwọn ọmọdébìnrin ní ìdíje Faransé, tó sì parí ọdún náà ní ipò kìíní láàárín àwọn ọmọdé lágbàáyé. Kò sí ohun tí ọmọ tún lè ṣe jùyẹn lọ. Síbẹ̀, nígbà tó bọ́ sáàárín àwọn àgbà, ipò 105 ló dé ní ọdún 2019, lẹ́nu ọ̀nà 100 gan-an. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ bí ẹnu ọ̀nà yẹn ṣe tóóró tó, kódà fún ẹni tí a bí sínú ọgbà.

Ẹ wá wo Nduka Odizor. Èkó ló dàgbà sí, ó máa ń bá àwọn ọ̀gá ṣa bọ́ọ̀lù lórí kọ́ọ̀tù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan tó wà ní Èkó nígbà náà rí i, ó sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi dé Houston tí mo wà yìí. Yunifásítì Houston ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti gbá bọ́ọ̀lù, kó tó sọ ọ́ di iṣẹ́. Ní Wimbledon ọdún 1983, ọmọ ọdún 24 ni, wọ́n yan Guillermo Vilas fún un ní ìpele àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n kà sí ìkẹrin nínú gbogbo ìdíje náà. Vilas gba sẹ́ẹ̀tì méjì àkọ́kọ́. Odizor gba mẹ́ta tó kù. Ó lọ títí dé ìpele kẹrin, ní ọdún tó tẹ̀ lé e ó dé ipò 52 lágbàáyé. Ọmọ ọdún 24! Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀ lọ́mọ ọdún 12.

Àwọn tó ń gba ọ̀nà yẹn ṣì pọ̀. Cameron Norrie tó ń gbá fún Gẹ̀ẹ́sì yín, yunifásítì ní Texas níhìn-ín ló ti gbá bọ́ọ̀lù kó tó dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ní Wimbledon ọdún 2022. Ben Shelton gba ife àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní 2022, ọdún kejì rẹ̀ ló dé irú ìpele bẹ́ẹ̀ ní US Open. Emma Raducanu kò tilẹ̀ lọ yunifásítì, ṣùgbọ́n ọdún 2021 tó ṣe ìdánwò A-level rẹ̀ tán náà ló gba US Open. Ilé ẹ̀kọ́ lásán ló ń lọ bí ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí mo rò pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ jẹ́ kó wà ní Leeds, kó máa lọ sílé ẹ̀kọ́, kó máa gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn dókítà eré ìdárayá níbí máa ń sọ pé wákàtí tí ọmọ ń fi gbá eré kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ kò yẹ kó ju iye ọdún rẹ̀ lọ. Ọmọ 12, wákàtí 12. Ilé ẹ̀kọ́ Spéìn yẹn ń sọ wákàtí 25 ó kéré tán. Mo rí ẹ̀yìn ọmọ mi nínú fọ́tò ilé ìwòsàn, mi ò fẹ́ kí ẹ rí tiyín. Bó bá di ọdún 15 tí iná náà ṣì ń jó lójú rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Sìkọ́láṣíìpù tẹ́níìsì wà, kò pọ̀, gbogbo ayé ló sì ń dù ú, nítorí náà máàkì ilé ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ dára. Kíláàsì orí kọ̀ǹpútà míì wà tí àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì ní Amẹ́ríkà, kì í kà. Òfin wọn lórí owó ìdíje náà ń yí padà, ẹ bi wọ́n kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ti bàbá ọkọ yín ló le jù, mo mọ̀. Àgbà tó bá na ilẹ̀ síni, ìfẹ́ ló fi nà á. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹnu yín ni ìkọ̀ náà ti jáde, kí wọ́n má lọ máa sọ ní agbo ilé pé ìyàwó ni kò fẹ́ ìtẹ̀síwájú ọmọ. Ẹ̀yin àti ọkọ yín, ẹ kọ́kọ́ jókòó kí ẹ jẹ́ ẹnu kan náà. Kí ọkọ yín wá pe bàbá fúnra rẹ̀, kó dúpẹ́, kó sọ pé ilẹ̀ yẹn ni ọmọ yóò wá kọ́lé sí. Lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin náà gba fóònù, kí ẹ kúnlẹ̀ síbi tí ẹ wà, wọn yóò gbọ́ ọ lóhùn yín. Ẹ tún ní kí wọ́n ka oríkì ọmọ náà fún un. Àwa Ọ̀fà, ìjàkadì lorò wa. Ẹ̀yin Ìlọrin, ẹṣin leégún ilé yín, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Ọmọ tó ń figagbága láàárín àwọn àjèjì yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá àgbà rẹ̀.

Ọmọ mi gboyè nínú ìṣirò owó, ó sì ń fi jẹun. Ọjọ́ Sátidé ló ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹ́níìsì. Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, a lọ sílé, ó sì bá àwọn ọ̀dọ́ gbá bọ́ọ̀lù nínú ọgbà stédíọ̀mù Ìlọrin. Ọyẹ́ ti mú, eruku ti sọ bọ́ọ̀lù di pupa, irun ti tán lára rẹ̀, kì í ta sókè dáadáa mọ́. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju 13 lọ ń sá a kiri. Bí ọmọ mi bá pàdánù àmì, ẹ̀rín ló máa ń bú sí. Ọdún wo ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn lórí kọ́ọ̀tù?

A ó tún wà nílé ní Oṣù Kejìlá yìí. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó mú rákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dání. Mo máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá nínú ẹrù mi, èmi ni n ó so okùn rẹ̀ fún un. Kó kàn sọ bó ṣe fẹ́ kó le tó. Ti ọmọ tèmi, ìwọ̀n pọ́n-ùn 52 ni mo máa ń fa okùn náà sí.