Kí ni àwọn olùwádìí yunifásítì máa ń wò nípa òfin igbó mímu àti ìlera ará ìlú?

Wọ́n sábà máa ń fi àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn, ti ọlọ́pàá àti ti ìjàǹbá ọkọ̀ ṣáájú òfin wé ti ẹ̀yìn rẹ̀. Kánádà, tó fàyè gba títa igbó fún àgbàlagbà ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wúlò gan-an fún èyí. Ní Ontario, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, wọ́n rí i pé àwọn ọmọdé tí wọ́n gbé lọ sí ilé ìwòsàn nítorí igbó tí wọ́n ṣèèṣì jẹ pọ̀ sí i, pàápàá lẹ́yìn tí títa súìtì onígbó bẹ̀rẹ̀. Ti ìjàǹbá ọkọ̀ ló ṣòro jù lójú tèmi, nítorí pé THC, èròjà tó ń pani bí ọtí nínú igbó, lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń mu ún déédéé fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti dá, torí náà rírí i nínú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ nìkan kò fi hàn pé igbó ń pa á nígbà ìjàǹbá náà.